Ìwé Kan, Ọwọ́ Púpọ̀: Títi Àpótí Nínú Ìwé Ìṣirò Àjọlò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba fún àwọn oníṣòwò, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà àti ọmọ iṣẹ́ ní Alábà Rago, Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

  

Ọjà kì í dúró de olùkọ́, nítorí náà n ó lọ tààrà síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Excel, ìbáà jẹ́ ti Microsoft, ìbáà jẹ́ ti Google. Ní pàtàkì, èyí tí ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́wàá jọ ń kọ nǹkan sí. Ta ló yẹ kó fọwọ́ kan èwo nínú rẹ̀? Báwo la ṣe ń ti ibi tí kò yẹ kí gbogbo ọwọ́ dé? Ibo sì ni agbára títì yẹn mọ?

Èrò kan ṣoṣo ni mo gbé wá, gbogbo àlàyé mi yóò sì máa yí i ká. Iye kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé àjọlò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ kan tó ni ín, kí gbogbo ojú tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè rí i. Ọwọ́ ni ẹ̀rọ ń tì. Ẹni tó bá fẹ́ fi í dí ojú, tàbí tó fẹ́ fi í lé olè, yóò rí ìjákulẹ̀.

Káàdì alájọ

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jọ ní àkọsílẹ̀ owó kan. Samuel Johnson ṣàpèjúwe èsúsú nínú The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ní ti àjọ ojoojúmọ́, gbogbo wa la mọ káàdì alájọ. Alájọ ní ìwé tirẹ̀, oníbàárà ní káàdì tirẹ̀. Ọwọ́ alájọ ló ń sàmì sí méjèèjì, lójú ẹni tó sanwó. Bí alájọ bá yí ìwé tirẹ̀ padà lóru, káàdì tó wà nílé oníbàárà yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí oníbàárà bá fi àmì kún káàdì, ìwé alájọ yóò ta kò ó. Ọwọ́ kan ń kọ, ojú méjì ń ṣọ́ ọ. Orí ètò yìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé àjọ dúró lé.

Ìwé ìṣirò orí ẹ̀rọ kò bá irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sáyé. Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Lotus 1-2-3 tẹ̀lé e ní 1983, Microsoft sì gbé Excel jáde ní 1985. Ẹnì kan tó jókòó níwájú ẹ̀rọ tirẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní 2006 ni Google gbé irú tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè wà nínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí bá òwò wa mu gan-an. Ẹni tó ń ra àlùbọ́sà ní Sókótó tàbí Kebbi lè kọ iye àpò tó kó sọ́kọ̀, kí ẹni tó wà nísọ̀ ní Alábà Rago sì rí i kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ẹni tó ń ta irin àlòkù lè kọ ìwọ̀n ẹrù níbi òṣùwọ̀n, kí ọ̀gá rẹ̀ rí i láti ilé ní Iba. Ṣùgbọ́n ìwé kejì ti lọ, káàdì ti lọ. Gbogbo ọwọ́ wà nínú ìwé kan ṣoṣo, ohun tí ọwọ́ kan bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, ó bàjẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn kan rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí nítorí pé fáìlì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Ẹni tó bá gbà á yóò kọ tirẹ̀ sí i, yóò dá a padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé gbèsè kan ti di mẹ́rin: èyí tó ń jẹ́ «Gbese», èyí tó ń jẹ́ «Gbese tuntun», «Gbese final», àti «Gbese final 2». Kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni òótọ́ nínú wọn mọ́. Ìwé kan tí a tì dáadáa sàn ju ìwé mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tì lọ.

Ìbàjẹ́ tí kò ní olè nínú

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé onísọ̀ àlùbọ́sà kan ṣe àpẹẹrẹ. Onígun mẹ́rin kékeré kọ̀ọ̀kan níbi tí ìlà àti òpó ti pàdé ni mo ń pè ní àpótí. Òpó A ni ọjọ́, B ni orúkọ oníbàárà, C ni iye àpò, D ni owó àpò kan, E ni àpapọ̀ owó, F ni iye tó san, G ni gbèsè tó kù. Ènìyàn ló ń kọ A títí dé D, àti F. Ẹ̀rọ ló ń ṣe E àti G. E ni C lọ́nà D, G sì ni ohun tó kù tí a bá yọ F kúrò nínú E. Ohun tó wà nínú àpótí E5 gan-an ni fọ́múlà =C5*D5. Iye owó tí ojú wa ń rí níbẹ̀, èsì rẹ̀ ni.

Ká sọ pé oníbàárà kan ra àpò 10, àpò kan ní ₦45,000. E5 yóò fi ₦450,000 hàn. Oníbàárà san gbogbo rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ kọ ọ́ sí F5 lórí fóònù, àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sórí E5, ó tẹ 450000, ó rí i pé òun ṣì í, ó tún un tẹ̀ sí F5. Lójú rẹ̀, gbogbo nǹkan ti tò. Ṣùgbọ́n fọ́múlà tó wà ní E5 ti kú, nọ́ńbà lásán ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ kò pariwo. Kò sẹ́ni tó lè fura, nítorí pé iye kan náà ni.

Lọ́jọ́ kẹta, oníbàárà dá àpò méjì padà nítorí pé ó ti jẹrà. Akọ̀wé yí C5 padà láti 10 sí 8. Ó yẹ kí àpapọ̀ wálẹ̀ sí ₦360,000, kí ìwé sì fi hàn pé ìsọ̀ jẹ oníbàárà ní ₦90,000. E5 dúró gbọin sí ₦450,000, G5 ní kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni. Irú ìjà tó máa ń tẹ̀lé èyí máa ń le, torí pé kò sí òpùrọ́ nínú ẹni méjèèjì. Oníbàárà mọ ohun tó dá padà, onísọ̀ sì gbà pé ẹ̀rọ kì í parọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹnì kan fẹ́ to orúkọ oníbàárà ní a-b-d, ó yan òpó orúkọ nìkan. Excel béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun mú àwọn òpó yòókù mọ́ ọn, ó ń kánjú, ó ní rárá láìkà á tán. Orúkọ ṣí kúrò, gbèsè kò ṣí. Ẹni tó ti san tán wá di ajigbèsè, ajigbèsè sì di ẹni iyì. Ẹlòmíràn rí òpó kan tó rò pé kò wúlò, ó pa á rẹ́. Lójijì ni #REF! bo ojú ìwé, ìyẹn ni pé fọ́múlà ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó pariwo bẹ́ẹ̀ sàn. Èyí tó dákẹ́ ló ń ba òwò jẹ́.

Irú nǹkan báyìí kò mọ ọjà, kò mọ ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje Òlíńpíìkì ti London 2012, òṣìṣẹ́ kan tẹ 20,000 níbi tó yẹ kó tẹ 10,000 fún ìdíje ijó inú omi. Tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 ni wọ́n tà fún àyè ìjókòó tí kò sí. Kò sí olè níbẹ̀. Ìka kan ló ṣì.

Bí a ṣe ń tì í

Ní ti Excel, ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí ìwé tuntun ni gbogbo àpótí inú rẹ̀ ti ní àmì Locked, síbẹ̀ gbogbo ọwọ́ ń wọ gbogbo wọn. Àmì yẹn kò lágbára kankan títí ẹ ó fi pàṣẹ Protect Sheet. Ẹni tó bá sì sáré pàṣẹ náà láìṣe ohun mìíràn ṣáájú, odidi ìwé ló tì pa, ọmọ iṣẹ́ kò ní lè kọ ohunkóhun. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ohun tó yẹ kó ṣí, kí ẹ tó ti ìyókù.

Ẹ yan A títí dé D, kí ẹ sì yan F. Ẹ tẹ Ctrl àti 1 pọ̀, ẹ lọ sí Protection, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Locked. Ẹ fi E àti G sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Review, ẹ tẹ Protect Sheet, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Ẹ̀rọ yóò to àwọn ohun tí ẹ lè gbà láàyè sílẹ̀ fún yín: yíyan àpótí, fífi ìlà kún un, pípa ìlà rẹ́, títo ìwé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fàyè gba pípa ìlà tàbí òpó rẹ́. Ẹ má fàyè gba títò náà: Excel kò ní to ibi tí àpótí títì bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbà kí wọ́n to òpó orúkọ nìkan, àrùn orúkọ tó ń ṣí kúrò lórí gbèsè yóò sì padà wá.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ìwé bá ti wà lábẹ́ ààbò, bọ́tìnnì Tab yóò máa fò láti àpótí ṣíṣí kan sí òmíràn, yóò máa ré àwọn tó wà ní títì kọjá. Iṣẹ́ akọ̀wé yóò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣẹ kejì tó ń jẹ́ Protect Workbook wà fún ìdí ọ̀tọ̀. Òun ló ń dá ènìyàn dúró láti fi ṣíìtì, ìyẹn ojú ewé kan, kún ìwé, láti pa ṣíìtì rẹ́, tàbí láti yí orúkọ rẹ̀ padà.

Google Sheets gba ọ̀nà òdìkejì. Níbẹ̀, gbogbo nǹkan wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ tì. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Protect sheets and ranges, ẹ dárúkọ òpó E, lẹ́yìn náà òpó G. Ẹ̀rọ yóò fún yín ní ọ̀nà méjì: kó máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, tàbí kó dá gbogbo ènìyàn dúró àyàfi àwọn tí ẹ bá dárúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ ti odidi ṣíìtì, àyè wà láti yọ àwọn àpótí kan sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ sí wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Google kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà fún òpó tí ẹ tì. Ẹni tí ènìyàn jẹ́ ló ń wò, nípa àdírẹ́sì ímeèlì tó fi wọlé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń kùnà. Gmail ọ̀gá ni ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta jọ ń lò lórí fóònù márùn-ún. Lójú Google, ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ẹni náà ló sì ni ìwé. Kò sí òpó tí ẹ lè tì mọ́ ọn, àkọsílẹ̀ àyípadà yóò sì máa fi orúkọ ọ̀gá hàn lórí ohun tí ọ̀gá kò ṣe. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ímeèlì tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Àpótí tó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí

Títì ń dáàbò bo àpótí tí kò yẹ kí ọwọ́ dé. Kí ni a ó wá ṣe sí èyí tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé? Iṣẹ́ tí Data validation wà fún nìyẹn, ó wà nínú Excel àti Google Sheets. Ẹ lè pàṣẹ pé kí òpó C má gba ohun mìíràn ju nọ́ńbà láti 1 dé iye àpò tí ọkọ̀ yín lè gbé. Bí ọwọ́ bá tẹ òdo kan lé e, tó sì ju iye yẹn lọ, ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́. Ẹ lè pàṣẹ pé inú àkójọ orúkọ ni kí wọ́n ti máa yan oníbàárà ní òpó B, kí «Alh. Musa», «Alhaji Musa» àti «Musa» má baà di ajigbèsè mẹ́ta.

Nọ́ńbà fóònù àti ti báǹkì ní ìyọnu tiwọn. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ dígíìtì 11, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ 10, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú. Ẹ̀rọ rò pé iye owó ni ẹ ń tẹ̀, ó sì ń ju òdo iwájú nù. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ yóò rí dígíìtì mẹ́sàn-án, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí irú òpó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di Text. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, tí ẹni tó ni ín ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tì í. Òpó nọ́ńbà àkáǹtì wà lára àwọn tó yẹ kí a kọ́kọ́ tì nínú ìwé ìsọ̀ èyíkéyìí, nítorí ẹni tó bá yí dígíìtì kan padà níbẹ̀ lè darí owó gba ibòmíràn.

Ibi tí agbára títì mọ

Mo ti sọ pé ọwọ́ ni títì wà fún. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé Protect Sheet kì í ṣe ohun ààbò lọ́wọ́ ẹni tó ní ète ibi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè yọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n ṣe lè da gbogbo ohun tó rí kọ sínú ìwé mìíràn. Google náà kìlọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwé tó wà lábẹ́ ààbò ṣì ṣeé tẹ̀, ó ṣeé dà kọ. Ẹni tó bá sì dà á kọ ti di onílé nínú ẹ̀dà tirẹ̀.

Fífi òpó tàbí ṣíìtì pamọ́ tún rọ ju títì lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Northern Ireland fèsì sí ìbéèrè kan tí ará ìlú béèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìsọfúnni. Ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ṣíìtì kan tó pamọ́, tí wọn kò rántí. Orúkọ ìdílé, ipò àti ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ 9,483 ló wà nínú rẹ̀, ó sì di ohun tí gbogbo ayé lè kà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dọdẹ ọlọ́pàá pa. Ní 2024, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìsọfúnni ní Britain bu owó ìtanràn £750,000 lé wọn. Ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnì kan rí, ẹ má fi í sínú ìwé tó lè ṣí. Owó tí ẹ fi ra ọjà àti èrè yín, ẹ fi wọ́n sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kò ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù àti irin àlòkù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù wá lọ. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó, wọ́n sì gbé ìwádìí jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń gba èbúté wa wọlé. Wọ́n fojú bù ú pé kọ́ńténà 500 ló ń wọlé lóṣù. Wọ́n ra díìsìkì inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn amòye yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá ìwé àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ti Òyìnbó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà ń dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Láptọ́ọ̀pù ìsọ̀ tó bá bàjẹ́, tí ẹ tà fún oní-kòńdẹ́ẹ̀mù, ìwé gbèsè ọdún mẹ́ta lè wà nínú rẹ̀. Protect Sheet kò ní dí ẹni tó rà á lọ́wọ́ láti kà á.

Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni fífi ọ̀rọ̀ aṣínà sí fáìlì fúnra rẹ̀. Nínú Excel, ẹ lọ sí File, sí Info, sí Protect Workbook, ẹ yan Encrypt with Password. Èyí ń sọ gbogbo inú fáìlì di ohun tí kò ṣeé kà láìsí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, Microsoft kò lè bá yín wá a. Ní ti Google, ilẹ̀kùn tó ṣe pàtàkì ni bọ́tìnnì Share. Bí ẹ bá fi í sí Anyone with the link, tí ẹ sì gba àtúnkọ láàyè, ẹnikẹ́ni tó bá rí líǹkì náà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti di akọ̀wé yín, láìsí orúkọ rẹ̀ lórí ohun tó bàjẹ́. Ẹ fi í sí Restricted, kí ẹ dárúkọ àwọn ènìyàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà tó ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) ọmọ ẹgbẹ́, òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023. Bí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, òfin náà fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Détà létí.

Fọ́múlà tí a tì mọ́ àṣìṣe rẹ̀

Ewu kan wà nínú títì tí àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ. Bí fọ́múlà bá tọ̀nà, títì ń pa òtítọ́ mọ́. Bí kò bá tọ̀nà, títì ń pa àṣìṣe mọ́, ó sì ń fún un ní ọlá, nítorí pé ènìyàn kì í bi ohun tí a tì ní ìbéèrè.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí gbèsè orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju ìdá 90 nínú 100 ohun tó ń pèsè lọ́dún lọ, ọrọ̀ ajé rẹ̀ kì í dàgbà. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí ni -0.1%. Àwọn olóṣèlú fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí láti gé owó ìnáwó ìjọba. Ní 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní University of Massachusetts Amherst, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní fáìlì Excel wọn, wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Ó rí i pé fọ́múlà ìpíndọ́gba dúró ní ìlà 44, nígbà tó yẹ kó dé ìlà 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló já sílẹ̀: Australia, Austria, Belgium, Kánádà àti Denmark. Nígbà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ ṣe gbogbo àtúnṣe tó yẹ, títí kan àwọn tí kò bá Excel tan, 2.2% ni wọ́n rí.

Ẹ wo ohun tó gba òtítọ́ là níbẹ̀. Ojú kejì rí inú fọ́múlà. Nítorí náà, bí Excel bá fún yín ní àǹfààní Hidden, tó ń fi fọ́múlà pamọ́, ẹ má lò ó nínú ìwé àjọlò. Ẹ ti fọ́múlà kí ọwọ́ má baà dé ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Kí ẹ tó tì í, ẹ mú ìlà mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ṣe é níṣojú ẹlòmíràn. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni fọ́múlà ti sábà máa ń já.

Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tán, ó ku ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti di ti ẹni náà. Bó bá bínú lọ, bó bá rìnrìn àjò Hajj, bí ọlọ́jọ́ bá dé, ìwé ọdún márùn-ún ti dúró. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Kí ẹgbẹ́ ọjà tó ń lo Google má fi ìwé sórí ímeèlì akọ̀wé. Kí wọ́n ṣí ti ẹgbẹ́, kí akọ̀wé tó bá wà lórí oyè sì gbà á gẹ́gẹ́ bí alákòóso.

Ẹ tún ronú sí ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń ti gbogbo ènìyàn síta, wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá lè yí padà nígbà tó bá wù ú kò ní iyì lójú ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí oṣù bá parí, tí ẹ ti jọ wo ìwé, ẹ ti odidi ṣíìtì oṣù náà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun náà kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Bí àṣìṣe bá yọjú lẹ́yìn náà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ìlà tuntun sí oṣù tó wà níta, kí ẹ sọ ohun tó ń tún ṣe àti ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀nà tí àwọn oníṣirò owó ti ń gbà láti ayé ìwé àti gègé nìyẹn. Version history ti Google sì lè fi ohun tó wà tẹ́lẹ̀ hàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà.

Ẹni tí mo ń rò jù nínú gbogbo èyí ni ọmọ iṣẹ́. Ní Alábà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi ọdún pípẹ́ sin ọ̀gá, pẹ̀lú ìrètí pé ọ̀gá yóò dá wọn sílẹ̀ pẹ̀lú owó òwò. Bí ìṣirò kò bá jọ, ọ̀dọ̀ wọn ni ojú kọ́kọ́ ń lọ. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé òpó gbèsè, kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kàn án pé ó yí gbèsè padà. Ọmọ tó ní ímeèlì tirẹ̀, ohun tó kọ lọ́jọ́ náà ni yóò jẹ́rìí fún un. Ẹni tó bá rò pé nítorí àìfọkàntán ni a ṣe ń ti ìwé, ẹ sọ fún un pé nítorí kí ọmọ ọlọ́mọ lè sùn ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù, ẹ pe gbogbo àwọn tó ń kọ nǹkan sínú ìwé yín jókòó, àti ẹni tó ń gbọ́ Hausa, àti ẹni tó ń gbọ́ Igbo, àti ẹni tó ń gbọ́ Ẹ̀gùn. Ẹ kọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí ẹ kọ orúkọ ẹnì kan sí iwájú rẹ̀. Òpó tí ẹ kò bá rí orúkọ kan kọ sí, ẹ yanjú rẹ̀ níbẹ̀, torí ẹ̀rọ kò lè bá yín yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ tẹ Protect.